Aago ọwọ́ líle tí a lè pààrọ̀ okùn rẹ̀: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó san owó?

Awọnlẹ̀ Kúbwà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ojúgbà mi. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni mo ń ṣe ní Àbújá. Kúbwà ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ máa ń gbé mi dé Bwari, Kuje àti Gwagwalada, níbi tí a ti ń fi ẹsẹ̀ rìn láàárín igbó àti lórí àpáta láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Aago kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rà, èyí tí yóò lè fara da eruku, òógùn àti ìkọlù láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tí n ó sì tún lè pààrọ̀ okùn rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kí n fi wọ agbádá lọ sí òde, láìjẹ́ pé ẹni tó bá rí mi yóò rò pé ojú iṣẹ́ ni mo ti gba ibẹ̀ wá.

Mo ti rí ọ̀kan ní ilé ìtajà kan ní Wuse 2. Irin tí kì í dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 40, bátìrì ló ń lò, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ó lè gba omi dé mítà 100. Okùn mẹ́ta ló bá a wá nínú páálí: ọ̀kan jẹ́ rọ́bà dúdú, ọ̀kan jẹ́ aṣọ líle aláwọ̀ ewé bíi ti àwọn sójà, èyí tó kù sì jẹ́ awọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò gbajúmọ̀, ìyẹn ni owó rẹ̀ kò fi ga jù mí lọ. Ẹni tó ń tà á sọ fún mi pé omi kò lè wọ inú rẹ̀ láéláé, pé gíláàsì rẹ̀ kò lè họ, àti pé ọwọ́ lásán ni a fi ń yọ okùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu ọlọ́jà ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ nínú rẹ̀ àti èyí tí mo gbọ́dọ̀ dà nù.

Ṣé mítà 100 yìí wúlò fún ẹni tí kì í wẹ odò? Ṣé mo lè fi aago náà ṣe àlùwàlá láìbọ́ ọ? Ǹjẹ́ eruku ọyẹ́ máa ń ba ojú aago jẹ́ lóòótọ́, tàbí àsọdùn ni? Èyí tó sì ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ti okùn: ọ̀rẹ́ mi kan ní ibi iṣẹ́ sọ pé aago tí okùn rẹ̀ bá ti rọrùn láti yọ, aago ẹ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe aago iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó.

Bàbá Aláago, Kàdúná

Àbúrò mi, o kú làálàá. Iṣẹ́ àtúnṣe aago ni mo fi bọ́ ilé mi ní Kàdúná kí ojú mi tó kọ̀ láti máa rí ohun wẹ́wẹ́, nítorí náà ibi tí àwọn oníbàárà kì í wò ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Gbé aago náà, dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí o sì wo ibi tí okùn ti so mọ́ ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn aago tí wọ́n máa ń gbé wá fún mi, tí ojú wọn ti fọ́ tàbí tí ọwọ́ wọn ti yọ, kì í ṣe pé wọ́n gbá wọn mọ́ nǹkan. Ṣe ni wọ́n já bọ́ lọ́wọ́ olówó wọn. Ohun tó sì ń mú aago já bọ́ kì í sábà jẹ́ okùn fúnra rẹ̀ bí kò ṣe pín-ìnnì, ìyẹn ọ̀pá irin tín-ínrín tó gba inú ẹnu okùn kọjá, tí orí rẹ̀ méjèèjì wọ inú ihò tó wà lára etí aago. Sípíríǹgì kékeré kan ló wà nínú ọ̀pá náà. Bí sípíríǹgì yìí bá ti rọ̀, tàbí tí òógùn ti jẹ ẹ́ títí ó fi dógùn-ún, tàbí tí ọ̀pá náà kúrú fún àlàfo tó wà láàárín etí méjèèjì, orí rẹ̀ kan yóò yọ nígbà tí okùn bá há mọ́ ẹ̀ka igi tàbí mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, aago yóò sì ti wà nílẹ̀ kí o tó mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ibi okùn gan-an ni kí o ti wọn líle aago, kí o tó dé orí irin àti gíláàsì rẹ̀.

Mú rúlà dání lọ sí ilé ìtajà náà, kí o wọn àlàfo tó wà láàárín etí méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ mílímítà 18, 20 tàbí 22, ọkàn rẹ lè balẹ̀, nítorí pé àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ni àwọn tó ń ṣe okùn ń ṣe jù, o ó sì rí okùn rà ní ọjà Wuse, ní Garki tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì wá ilé iṣẹ́ tó ṣe aago náà kiri. Bí ó bá jẹ́ 19 tàbí 21, okùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n o ó wá a kí o tó rí i. Èyí tí kí o sá fún ni aago tí wọ́n gé etí rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé okùn tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe nìkan ló lè wọ̀ ọ́, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣíwọ́ ṣíṣe okùn yẹn, aago tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa yóò di ohun àpótí.

Lẹ́yìn náà, di okùn mú ní ìdí etí gan-an, fà á sókè, tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, kí o sì mì í sọ́tùn-ún sósì. Ó lè mì díẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ń gbọ́ ìró irin tó ń kan irin, tàbí tí o rí i pé ihò náà fẹ̀ ju orí pín-ìnnì lọ, dá a padà fún un. Wò ó pẹ̀lú bóyá ihò náà lu etí já sí ìta. Àwọn kan máa ń sọ pé ihò yẹn kò jẹ́ kí aago lẹ́wà, ṣùgbọ́n èmi kò rí ohun tó dára jù ú lọ lára aago iṣẹ́, nítorí pé abẹ́rẹ́ lásán ni o nílò láti fi ti pín-ìnnì wọlé láti ẹ̀gbẹ́, irinṣẹ́ kò sì ní yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ kí ó họ ẹ̀yìn aago.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ, irú okùn tó ní ahọ́n kékeré tí a ń fi èékánná fà ni mo rò pé ó ní lọ́kàn. Kò burú fún ẹni tí yóò máa pààrọ̀ okùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí kí o wò ni bóyá ahọ́n náà rì sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún un lẹ́yìn okùn, tàbí ó yọ síta tó fi jẹ́ pé ó ń kan ara rẹ. Èyí tó rì sínú kò yàtọ̀ sí pín-ìnnì mìíràn bí irin rẹ̀ bá nípọn. Èyí tó yọ síta ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ fi jẹ́ òótọ́. Nípa nínípọn, èyí tó jẹ́ mílímítà 1.5 ni ó wọ́pọ̀, 1.8 sàn jù ú lọ, àwọn aago Seiko tí wọ́n ṣe fún àwọn awẹ̀dò, ìyẹn àwọn tó ń rì lọ sísàlẹ̀ omi, sì máa ń lo èyí tó tó 2.5.

Okùn aláṣọ ni n ó máa lò fún iṣẹ́ bí mo bá jẹ́ ìwọ, bí ó bá jẹ́ èyí tí kò ní gígé láàárín. Ní ọdún 1973 ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìlànà irú okùn yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun wọn, mílímítà 20 sì ni fífẹ̀ rẹ̀ nígbà náà. Okùn kan gbọọrọ ni. Yóò gba abẹ́ pín-ìnnì kìíní, yóò gba ẹ̀yìn aago, yóò tún gba abẹ́ pín-ìnnì kejì, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá yọ, aago yóò ṣì máa rọ̀ lára ọwọ́ rẹ lórí ìkejì. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ó ń mu òógùn, o sì gbọ́dọ̀ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ó má baà máa rùn. Ó tún ń gbé aago sókè díẹ̀ kúrò lára ọwọ́, ìyẹn ni kì í fi rọrùn lábẹ́ aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ fún.

Olùkọ́ Físíìsì, Gwarinpa

Mo kí Bàbá Kàdúná fún àlàyé yìí. Gíláàsì àti eruku nìkan ni n ó fi kún un.

Eruku ọyẹ́ kì í ṣe àsọdùn rárá. Púpọ̀ nínú ohun tó ń bò wá mọ́lẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì tàbí ìkẹta ni afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, quartz, ìyẹn irú òkúta líle kan, tó kúnná sì wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ òkúta ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Mohs, láti 1 dé 10, tí wọ́n fi ń mọ òkúta tó lè họ òmíràn. Quartz wà ní 7. Gíláàsì lásán tó wà lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago wà ní nǹkan bíi 5 sí 6, nítorí náà hóró eruku kan ṣoṣo tó láti fa ìlà sí i lójú. Sapphire, tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì àwọn aago kan, wà ní 9, dáyámọ́ńdì nìkan ló sì borí rẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé òkúta kan náà tó ń họ aago wa láti ìta ni ó ń ka àkókò fún wa nínú rẹ̀, nítorí pé ègé quartz kékeré tó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ọkàn aago oníbátìrì bí irú èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Kì í ṣe bíbà tí eruku bà lé gíláàsì ló ń họ ọ́. Nínù tí a ń nù ún ni. Ẹ wo ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní àsìkò ọyẹ́, tó rí i pé ojú aago òun ti funfun, tó sì fi àtàǹpàkò tàbí etí agbádá nù ún kíákíá: gbogbo hóró tó wà lábẹ́ ìka yẹn ni ó wọ́ kọjá lórí gíláàsì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹ fẹ́ ẹ lẹ́nu, tàbí kí ẹ da omi sí i, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Láìṣe èyí, gíláàsì lásán yóò ti máa ṣú lójú kí ọyẹ́ kan tó parí.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ fún yín pé dandan ni kó jẹ́ sapphire. Líle rẹ̀ kò ní kó má fọ́. Bí ó bá fi etí balẹ̀ lórí àpáta, ó lè ṣán tàbí kó fọ́ síbi tí gíláàsì lásán ti lè yè é. Àwọn aago ìgbà kan máa ń lo gíláàsì oníke, èyí tí nǹkan gbogbo ń họ, ṣùgbọ́n tí ó ṣòro láti fọ́, tí ènìyàn sì lè fi ọṣẹ ìfọyín àti aṣọ rírọ̀ pa ìlà rẹ̀ rẹ́ nílé. Fún iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ibi tí gíláàsì jókòó sí ṣe pàtàkì ju irú tó jẹ́ lọ. Ẹ fi èékánná yín wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ aago lọ sí àárín ojú rẹ̀. Bí èékánná bá kan irin, tó sì já wálẹ̀ sórí gíláàsì, irin yẹn ni yóò máa gba ìyà. Bí ó bá jẹ́ gíláàsì ló yọ sókè, ẹ tètè máa ka iye ìlà tí yóò gbà.

Ẹni tó bá da ẹ̀kán omi kan sójú aago, tó ní bí omi náà bá ṣù jọ, sapphire ni, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí wọ́n fi pa ojú gíláàsì lè mú omi ṣù jọ lórí irú èyíkéyìí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tó wà nínú páálí.

Alhaji Ọ̀ffà, Kánò

As-salāmu ʿalaykum, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi ni n ó dáhùn ti omi àti ti awọ, nítorí pé méjèèjì ni ojú mi ti rí.

Mítà 100 tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn aago kì í ṣe ibi tí ènìyàn lè rì dé. Agbára omi tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi dán aago náà wò nílé iṣẹ́, nígbà tí òrùka rọ́bà inú rẹ̀, èyí tó ń dí omi lọ́nà, ṣì jẹ́ tuntun. Lójú ayé, aago mítà 30 lè gba òjò àti omi ìfọwọ́. Mítà 50 lè gba ìwẹ̀ díẹ̀. Mítà 100 ni ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lè gbára lé. Àwọn awẹ̀dò tó ń rì lọ sísàlẹ̀ omi sì ní ìlànà àgbáyé tiwọn lọ́tọ̀, ISO 6425, tó le ju ISO 22810 tí wọ́n fi ń dán aago ojoojúmọ́ wò. Nítorí náà, bí kókó tí ẹ fi ń yí ọwọ́ aago bá ti wọlé dáadáa, omi àlùwàlá kò lè ṣe aago yẹn ní nǹkan kan.

Aago kọ́ ló wà nínú ìṣòro níbẹ̀, àlùwàlá ni. Omi gbọ́dọ̀ dé gbogbo awọ ara láti ìka títí kan ìgúnpá, aago tó bá sì fún pinpin mọ́ ọrùn ọwọ́ kò ní jẹ́ kí omi kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè sún un sókè sódò bí ó bá tú díẹ̀. Bí kò bá tú, ẹ bọ́ ọ. Èmi máa ń bọ́ tèmi, mo sì máa ń fi í sínú àpò àyà, n kì í gbé e sí etí ibi omi, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbàgbé aago. Ẹni tó bá ń bọ́ aago lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ro ti ìdè okùn náà mọ́ ti okùn. Okùn gbọọrọ tí Bàbá yìn yìí lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa yọ ọ́ kúrò nínú àwọn òrùka irin rẹ̀ tí ẹ ó sì tún máa kì í bọ̀ ọ́, ó sì ń fi ara tútù sílẹ̀ lábẹ́ aago lẹ́yìn tí ẹ bá ti kírun tán. Rọ́bà ni mo fara mọ́ fún ọjọ́ iṣẹ́.

Ohun mìíràn: lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ẹ̀yìn aago náà láti pààrọ̀ bátìrì, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mítà 100 mọ́, àfi bí ó bá yẹ òrùka rọ́bà rẹ̀ wò, tó fi gíríìsì sílíkọ́nì pa á tàbí tó pààrọ̀ rẹ̀, tó sì dán an wò. Àwọn tó ń jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà máa ń fi ọ̀bẹ ṣí i, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ dé. Ìrì yóò wá máa hàn lábẹ́ gíláàsì nígbà òjò. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ wẹ omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, nítorí pé ooru máa ń mú rọ́bà yẹn tètè darúgbó.

Ní ti awọ, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún òde. Omi àti òógùn ni ọ̀tá rẹ̀. Bí èyí tó wà nínú páálí yẹn kò bá sì wù yín, ẹ fún ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ wá sí Kánò ní aago náà. Ní Majema, ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ níbí, wọ́n ṣì ń fi èso igi bàgàrúwà sọ awọ ewúrẹ́ di ohun èlò, awọ ewúrẹ́ pupa Ṣókótó sì ni àwọn oníṣòwò ìgbà láéláé ń gbé la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Mòrókò, tí àwọn ará Yúróòpù fi ń rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Bàdúkù, ìyẹn oníṣẹ́ awọ wọn, yóò gé okùn fún yín ní ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́. Ẹ jẹ́ kó rí aago àti pín-ìnnì rẹ̀, nítorí pé ẹnu ibi tí awọ ti ṣẹ́ po, tí wọ́n ti rán an, ni wọ́n ti máa ń ṣì í ṣe: bí ó bá nípọn jù, kò ní lè yí láàárín etí aago, yóò sì máa ti pín-ìnnì lójoojúmọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi omi díẹ̀ sí áńkáṣífù funfun, kí ẹ fi nu ẹ̀yìn awọ náà dáadáa. Bí áńkáṣífù bá pọ́n, mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ agbádá funfun yín yóò ṣe pọ́n.

Ọmọ Èkìtì ní Jos

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ta ko yín díẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí àpáta, kí ló fẹ́ fi aago onírin ṣe?

Nígbà tí Kikuo Ibe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Casio, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, ń ṣe aago líle tí wọ́n ń pè ní G-Shock, ohun tí wọ́n fi ṣe àfojúsùn ni pé kí aago náà já bọ́ láti mítà 10 kó má bàjẹ́, kó gba agbára omi dé 10 bar, ìyẹn bíi ti mítà 100, kí bátìrì rẹ̀ sì lo ọdún 10. Ọdún 1983 ni wọ́n gbé e jáde, títí di òní ni wọ́n sì ń ṣe é. Ẹ fi èyí wé aago tí wọ́n kàn kọ sí lára pé kò bẹ̀rù ìkọlù: ohun tí ìlànà ISO 1413 béèrè ni kí aago fara da ìkọlù tó bá jíjábọ́ láti mítà 1 sórí igi líle dọ́gba. Àpáta Bwari kì í ṣe igi.

Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ ra èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba agbára, nítorí pé oòrùn kò wọ́n wa ní òkè ọya. Ṣùgbọ́n ẹ má san àfikún owó fún èyí tó ń gba àkókò láti orí rédíò. Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Japan àti China ni àwọn ibùdó tó ń fi àmì yẹn ránṣẹ́ wà, àmì wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ wa níbí.

Mo gbà pé okùn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń pààrọ̀ bó ṣe wù ú. Wọ́n ṣe ìdí okùn náà kó bá ara aago mu, nítorí náà tirẹ̀ nìkan ló máa ń wọ̀ ọ́, àfi bí ẹ bá ra ohun ìsopọ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn kò dùn mí. Kí ẹ ra ọ̀kan fún iṣẹ́, kí ẹ sì ní òmíràn pẹlẹbẹ, olówó pọ́ọ́kú, fún òde.

Awọnlẹ̀ Kúbwà

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n Jos, ọ̀rọ̀ yín yé mi, ṣùgbọ́n owó aago kan ló wà lọ́wọ́ mi, bí mo bá sì pín in sí méjì, méjèèjì ni yóò jẹ́ gbàrọgùdù. Yàtọ̀ sí èyí, aago tí mo lè ra okùn rẹ̀ ní ibi gbogbo ni mo fẹ́ ní.

Mo padà sí ilé ìtajà náà pẹ̀lú rúlà. Àlàfo etí rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20 gẹ́lẹ́. Ihò rẹ̀ lu etí já sí ìta, ẹni tó ń tà á sì rò pé àbùkù ni, nítorí pé ó sáré sọ fún mi pé kò hàn bí a bá wọ̀ ọ́. Èékánná mi kan irin kó tó dé orí gíláàsì. Ìwé inú páálí kò mẹ́nu kan sapphire níbì kankan, gíláàsì lásán ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo sì fi ìwé náà hàn án títí ó fi dín owó rẹ̀ kù. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irú tí a ń yí dé. Okùn aláṣọ rẹ̀ kì í ṣe gbọọrọ kan. Apá méjì ni wọ́n gé e sí, ó sì ń dún nígbà tí mo mì í, nígbà tí ti rọ́bà kò dún rárá lórí aago kan náà.

Bàbá, ṣé dídún yìí tó ohun tí n ó fi kọ aago náà sílẹ̀? Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, irú pín-ìnnì wo ni kí n rà?

Bàbá Aláago, Kàdúná

O ṣe é dáadáa. Bí rọ́bà kò bá dún, ihò etí aago kò lábùkù. Pín-ìnnì tí wọ́n fi sínú okùn aláṣọ yẹn ni kò dára, ó sì ṣeé ṣe kí ó kúrú tàbí kí ó tín-ínrín jù. Ra aago náà.

Béèrè pín-ìnnì onírin tí kì í dógùn-ún, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20, tí nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 1.8. Nítorí pé ihò tìrẹ lu já, ra irú èyí tí kò ní èjìká ní orí, ìyẹn tí orí rẹ̀ tẹ́ láìní ibi tí irinṣẹ́ ti ń kọ́ ọ, kí o sì rí i pé orí náà kún ihò. Ra méjì sí méjì kí àfikún wà nílé, nítorí pé ohun tí a ń sọ nù sábẹ́ àga nígbà tí a bá ń ṣí okùn ni. Má lo okùn aláṣọ alápá méjì yẹn. Wá okùn gbọọrọ oní mílímítà 20 rà lọ́tọ̀, kò wọ́n. Ní ọjọ́ tí o bá ń lọ sínú igbó, lo ìyẹn. Ní ọjọ́ tí o bá wà ní ọ́fíìsì tàbí tí àlùwàlá pọ̀, lo rọ́bà bí Alhaji ṣe wí.

Nígbà tí o bá ń dá okùn padà, tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ki orí pín-ìnnì kan bọ inú ihò, fi abẹ́rẹ́ tẹ orí kejì wọlé, kí o sì jẹ́ kí ó wọ ihò tirẹ̀. O ó gbọ́ ọ nígbà tó bá wọ̀ ọ́. Wo ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì kí o rí orí pín-ìnnì nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí o tó fa okùn náà gidigidi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan sókè, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan, yọ wọ́n síta kí o wò wọ́n. Bí sípíríǹgì kan bá ti ń lọ́ra láti ta padà, jù ú nù.

Alhaji Ọ̀ffà, Kánò

Bí ó bá ti rà á, kó wọn yíká ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi ní mílímítà, pẹ̀lú àwọ̀ tó fẹ́. Mo ní bàdúkù kan tí mo máa ń gbé iṣẹ́ fún. Kó sọ fún mi bóyá ọwọ́ òsì ló ń wọ̀ ọ́ sí, kó sì fi pín-ìnnì 1.8 kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tó bá ń bọ̀, nítorí pé orí rẹ̀ gan-an ni bàdúkù yóò ti rán ẹnu awọ náà.